Etí Ìwé

Ìbéèrè kẹrìnlá ni mo máa ń rọra bi wọ́n:
"Nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá, ọjọ́ mélòó lo lò ó
láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún ọ?"
Igba ènìyàn ó lé méjìlá ni mo ti bi
láàárín àwọn òkè eérú Kohtla-Järve,
níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tó ń jóná,
tí eérú rẹ̀ wá ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ.
Wọn kò ní orúkọ lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà ni wọ́n.

Nọ́ńbà kẹtàdínlọ́gọ́fà ń gbé ní àjà karùn-ún.
Ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ti kú kí n tó mọ ilé náà.
Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Gennadi; kì í ṣe orúkọ rẹ̀.
Ẹ̀yìn ló fi bẹ̀rẹ̀: òkúta já lù ú nínú ihò kùsà,
dókítà fún un ní hóró funfun, mẹ́ta lójúmọ́.
Ẹ̀yìn san. Hóró ló wá di àìsàn.
Nígbà tí ìwé dókítà tán, ọ̀nà mìíràn là:
ọmọ kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀,
nígbà tó yá kò sí "lẹ́ẹ̀kan" mọ́.

Kò purọ́ fún mi rí. Ó ní, "Mọ́kànlá."
Mo kọ mọ́kànlá sínú àpótí kékeré.
Ó gbé tíì ka iwájú mi, ó ní,
"Liivika, mọ́kàndínlógún tó kù ńkọ́?
Ọjọ́ tí mo wọ bàtà, tí mo bọ́ ọ,
tí mo tún un wọ̀, tí mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn,
tí mo ń fi eyín gé èékánná títí ilẹ̀ fi mọ́,
ṣé òdo lo máa kọ síbẹ̀?"

Mo yí fọ́ọ̀mù síwájú, mo yí i sẹ́yìn.
Òdo ni.
Mo bá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí ìwé, wínníwínní.

Ní ọ́fíìsì ní Tallinn, Urmo, ẹni tó ń ṣe ìṣirò,
ní kọ̀ǹpútà kì í ka etí ìwé.
Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ kí iye náà pé,
kí ìjọba lè gbà wá gbọ́, kí wọ́n ra
oògùn tó ń dá èémí padà sáyà ẹni tó ń lọ.
Òótọ́ ló sọ. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni.
Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ.
Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn.

Ọdún yí. Mo gun àtẹ̀gùn, àyà mi ń já
(ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án kò ṣí fún mi).
Gennadi ló ṣí tirẹ̀. Ó ti rù. Ó wà láàyè.
Kí n tó tú báàgì, ó nàka sára ògiri:
kàlẹ́ńdà ilé-iṣẹ́ ẹja inú agolo,
ìlà dúdú ní ọjọ́ tó lò ó,
ìlà pupa ní ọjọ́ tó wù ú tí kò lò ó,
òfìfo ní ọjọ́ tí kò tilẹ̀ rántí.
Òfìfo kò pọ̀. Mẹ́rin péré ló wà nínú oṣù kẹta.
Ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń fọwọ́ kan orí ọmọ tó sùn.

"Ìwádìí tèmi nìyí," ó ní. "Ó yá, ó kàn ọ́.
Nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá, ọjọ́ mélòó..."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà.
Nínú báàgì mi, lábẹ́ àwọn fọ́ọ̀mù,
ìgò hóró oorun wà níbẹ̀, orúkọ ìyá mi lára rẹ̀,
ìyá mi tí a sin láti ìgbà ìkórè.
Dókítà kankan kò kọ ọ́ fún mi.

Lójú fèrèsé, òjò dídì ń bọ́ sórí òkè eérú,
ó ń yọ́ bó ṣe ń balẹ̀,
nítorí iná ṣì wà nínú òkè yẹn.
Gennadi mú pẹ́ńsù. Kò kánjú.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà.